Páìpù Fíríìjì àti Orúkọ Tí Màmá Igando Kọ̀

Bí o bá gbé omi fún màmá àgbà mi, wọn kì í mu ún lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé ife sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á wò ó yíká, wọ́n á da omi díẹ̀ sí i, wọ́n á fi ṣan inú rẹ̀, wọ́n á dà á nù, kí wọ́n tó bu èyí tí wọ́n fẹ́ mu. Kò sí ilé ẹni tí wọn kì í ti í ṣe é. Wọ́n ṣe é nílé bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ṣe é nílé àwọn àna wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹsẹ̀ wọ ibẹ̀, tí ìyá bàbá mi dúró tó ń wò wọ́n. Ìyá mi ní ó wu òun kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n délé tí ìyá mi ń ráhùn, Màmá ní, "Èmi ò sọ pé ife wọn dọ̀tí. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó tún wà níbẹ̀ ni."

Màmá ti kú báyìí. Ọ̀sán ni, wọ́n jẹun tán, wọ́n jókòó sórí àga wọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ilé wa ní Igando, wọn ò sì dìde mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń wọlé wá kí wa pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ọjọ́ á jìnnà síra, tí mò ń dáhùn pé àmín, tí mò ń gbé àga fún wọn. Ó yẹ kí n ti sunkún. Mi ò tíì sun ún. Inú mi ò bàjẹ́, kò sì dùn, ó kàn dákẹ́ ni. Mò ń jẹun, mi ò mọ adùn rẹ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìrántí tí wọ́n máa tẹ̀ sínú ìwé ìsìn ìsìnkú, torí pé nínú àwọn ọmọ-ọmọ, èmi ni mo gbé lọ́dọ̀ wọn pẹ́ jù. Àmọ́ ìlà àkọ́kọ́ gan-an ni mo há sí. Ùnkù Délé, àkọ́bí Màmá, ní kí n kọ "Ọ̀jọ̀gbọ́n" síwájú orúkọ wọn, kí ọ̀gbẹ́ni tó ń gbẹ́ mábù sàréè ní Ikotun náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Màmá kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Dókítà ni wọ́n. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà oyè náà, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ọ̀gbẹ́ni onímábù ti ń pè wá, ó fẹ́ mọ èyí tí òun máa kọ. Ohun tí a bá gbẹ́ sára òkúta kò ṣe é fi rọ́bà pa rẹ́.

Kẹ́mísírì ni Màmá ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì. Bí ará àdúgbò bá béèrè iṣẹ́ wọn, wọ́n á ní, "Mò ń so òrùka." Àwọn kan rò pé alágbẹ̀dẹ wúrà ni wọ́n. Òrùka tiwọn kì í ṣe ti ìka ọwọ́. Àwọn ohun tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní átọ́ọ̀mù, ni wọ́n máa ń so pọ̀ mọ́ra wọn títí wọ́n á fi yí po, ọ̀kan ó kéré tán nínú wọn á sì jẹ́ náítírójìn, èyí kan náà tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Irú òrùka bẹ́ẹ̀ ló wà nínú oògùn ibà kíkorò ayé àtijọ́, èyí tó máa ń mú kí ara yún ènìyàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí a bá ń ha ara, Màmá á jókòó tì wá, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa wá lẹ́yìn, wọ́n á ní, "Ẹ rọ́jú. Òrùka ló wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn."

Àwọn átọ́ọ̀mù yìí kì í kàn fa ara wọn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, agídí wọn pọ̀. Ó máa ń gba kí ohun kan bí irin tàbí bàbà dúró láàárín wọn, kó mú ọwọ́ tọ̀hún fi lé ọwọ́ tìhín, kí òun fúnra rẹ̀ sì kúrò níbẹ̀ láìdín. Nígbà ìsinmi iléèwé, Màmá á kó àwa ọmọ-ọmọ jọ síwájú ilé, a ó di ọwọ́ ara wa mú ní agbo. Ẹni tó bá wé gèlè pupa ni náítírójìn. Èmi ni irin, torí pé ọwọ́ mi gùn. Tí mo bá ti so àwọn méjì tó kẹ́yìn pọ̀ tán, wọ́n á ní kí n jáde. Lọ́jọ́ kan, mo faraya, mo ní èmi náà fẹ́ wà nínú agbo bíi ti àwọn yòókù. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Alárenà ni ẹ́, jàre. Bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárenà á yẹ̀bá."

Ìbéèrè wọn tó ń jẹ́ "kí ló tún wà níbẹ̀" kò mọ ilé, kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo mú ọ̀rẹ́kùnrin mi kan láti àdúgbò Command wá kí wọn, tí mo ní ó níwà, ó níṣẹ́, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, wọ́n wò ó títí ó fi gbé ojú sílẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Kí ló tún wà níbẹ̀?" Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni ìyàwó kan ní Àkúrẹ́. Èmi àti wọn ò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ láyé, àfi ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì ló le jù. Bàbá kan dìde jẹ́rìí pé òróró ìyàsímímọ́ ti wo orúnkún òun sàn. Gbogbo ìjọ pariwo halelúyà. Màmá na ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Ẹ ṣé, sà. Nígbà tí ẹ ń fi òróró náà pa á, ṣé ẹ ti fi oògùn dókítà sílẹ̀?" Bàbá ní rárá o, òun ń lò ó. "Ẹ sì ń rìn kiri bíi ti tẹ́lẹ̀?" Bàbá ní wọ́n ní kí òun má rìn, òun sinmi dáadáa. Màmá ní, "Ẹ ṣé. Ọlọ́run ló wò yín sàn, ìyẹn dájú. Ọ̀nà tó gbà la ò tíì mọ̀." Àlùfáà wá sílé wa ní ọjọ́ kejì. Ó ní, "Màmá, ẹ̀rí kì í ṣe ìdánwò o." Màmá bu omi fún un, wọ́n bá a ṣan ife náà dáadáa, wọ́n ní, "Ẹ̀rí tó bá ń sá fún ìdánwò, mi ò ní bá a ṣàmín."

Ìjà tó pẹ́ jù láyé wọn ni ti àwọn àti Ùnkù Délé. Màmá fẹ́ kí àkọ́bí wọn ṣe kẹ́mísírì bíi tiwọn. Ùnkù parí girama, wọ́n kó aṣọ wọn, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ títún fíríìjì ṣe ní Dopemu. Ìyá mi sọ pé ilé dà bí ilé ọ̀fọ̀. Màmá ò fẹ́ dárúkọ Ùnkù rárá. Tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá béèrè ohun tí àkọ́bí ń ṣe, wọ́n á ní ó wà ní Dopemu, bí ẹni pé Dopemu ni orúkọ iṣẹ́. Ùnkù náà ò sì wá sílé. Ọkàn àwọn méjèèjì ló le bí òkúta, ẹni bíni là á jọ.

Páìpù ló parí ìjà náà. Ní yàrá iṣẹ́ Màmá, kẹ́míkà olómi kan wà tí wọ́n ń yọ́ àwọn ìyẹ̀fun wọn sí. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sè é, kí ooru rẹ̀ gba inú ohun tútù kan kọjá, kó tó wá kán sínú ìgò ní mímọ́. Gíláàsì ni ohun tútù náà máa ń jẹ́. Tiwọn fọ́, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn ò sì rí òmíràn rà. Ùnkù gbọ́ lẹ́nu ìyá mi. Wọ́n tú páìpù bàbà lára fíríìjì ògbólógbòó kan, wọ́n wé e bí ejò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n da yìnyín sí i, wọ́n gbé e lọ bá Màmá ní yunifásítì láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Inú Màmá dùn débi pé kò sí àlejò tó wọ ọgbà náà tí wọn ò mú lọ wò ó. Wọ́n á fi ìka kan an, wọ́n á ní, "Ọmọ mi tó ń tún fíríìjì ṣe ló wé èyí."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Màmá àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan, Àńtí Rìsì ará Ògbómọ̀ṣọ́, rí ohun tí gbogbo ayé kẹ́mísírì fetí sí. Irú òrùka tí àwọn ń so yìí, irin ọ̀wọ́n tí kò wọ́pọ̀ ni àwọn ẹlòmíràn fi ń so ó. Màmá ní irin lásán tó wà káàkiri lè so ó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n ń pè wọ́n sí ibi gbogbo láti wá sọ̀rọ̀. Yunifásítì gbé orúkọ wọn lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń fi ènìyàn jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n, Àńtí Rìsì sì ń kọ iṣẹ́ ìwádìí dókítà rẹ̀ lórí ohun kan náà. Mo wà ní pírámárì nígbà náà. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ojúlé wa ti ń pe Màmá ní Pùròfẹ́sọ̀, Màmá á sì ní, "Ẹ jẹ́ ó jinná ná."

Lẹ́yìn náà ni àwọn kan láti ìlú òkèèrè kọ̀wé pé àwọn ti ṣe é bí Màmá ṣe kọ ọ́, irin ò so nǹkan kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Màmá ní kí wọ́n dá wọn lóhùn pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Màmá ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Wọ́n pe Àńtí Rìsì, wọ́n ní kí wọ́n jọ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí wọ́n máa yọ nǹkan kọ̀ọ̀kan kúrò. Wọ́n kọ́kọ́ lo kẹ́míkà olómi tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí, tí kò gba inú páìpù kankan kọjá, wọ́n da irin sí i. Kò sí òrùka. Wọ́n wá lo èyí tó gba inú páìpù fíríìjì kọjá, wọn ò sì da irin sí i rárá. Òrùka so.

Bàbà ni. Kẹ́míkà gbígbóná náà ti ń jẹ ara páìpù Ùnkù Délé díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀nba tí ojú kò lè rí, ó ń gbé e kán sínú ìgò. Bàbà ń so àwọn átọ́ọ̀mù pọ̀, irin kàn dúró tì wọ́n tó ń gba oríyìn. Ní òkèèrè, gíláàsì ni wọ́n ń lò, ìdí nìyẹn tí tiwọn ò fi so.

Àńtí Rìsì fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé òun kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká dákẹ́. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n fi yín jẹ ẹ́, ó ku díẹ̀ kí èmi náà parí. Ta ló máa mọ̀ pé páìpù ni?" Màmá ní kó dìde kúrò nílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni kan wà níbì kan báyìí tó ń da irin sínú ìgò, tó ń sunkún, tó rò pé òun ni òun ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó tẹ iṣẹ́ náà jáde pé irin kọ́ ló ṣe é, páìpù bàbà ni, kí wọ́n fà á yọ. Wọn ò kọ ẹni tó wé páìpù síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ yọ orúkọ wọn kúrò, wọn ò sì tún gbé e padà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àńtí Rìsì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fi bàbà ṣe é ní gbangba lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ ó bínú, kò sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wá sílé wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun náà ti di ọ̀jọ̀gbọ́n lónìí.

Mi ò rí i rí kí Màmá kárí sọ nítorí oyè náà. Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀fọ́ wọn lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń lọ sí Shasha fúnra wọn láti lọ yan iṣu, wọ́n á máa fi èékánná họ ọ́ wò, àwọn oníṣu á máa wá ọ̀nà àtisá. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tó dun wọ́n ni ti fíríìjì wa. Bó bá ti bàjẹ́, Ùnkù Délé kì í wá. Wọ́n á rán ẹlòmíràn láti ṣọ́ọ̀bù wọn. Ùnkù ń gbé oúnjẹ wá, wọ́n ń gbé oògùn wá, àmọ́ wọn kì í fọwọ́ kan ohunkóhun tó ní páìpù nínú ilé ìyá wọn. Màmá á jókòó, wọ́n á máa wo àjèjì tó dojú bolẹ̀ lẹ́yìn fíríìjì, wọ́n á ní, "Mo bí oníṣẹ́ fíríìjì, ẹ sì wo ẹni tó ń tún tèmi ṣe." A máa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Lánàá, Ùnkù Délé wá sílé ní Igando nítorí ọ̀rọ̀ mábù. Mo wà nínú pálọ̀, mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ojú ìwé náà ṣì funfun.

"Àbẹ̀kẹ́, o ò tíì kọ ọ́?"

"Mi ò tíì kọ ọ́, sà."

"Kọ Pùròfẹ́sọ̀, jàre. Ta ló fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní sàréè?"

"Màmá ò ní gbà, Ùnkù."

"Màmá ti kú."

Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kì í ṣe bí ẹni tó ń jà. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni, kò kàn wọlé sí mi lára. Mò ń wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹnì kan ti ká aṣọ lé e lórí.

Ibẹ̀ ni Àńtí Rìsì ti wọlé, ó gbé páálí omi lọ́wọ́, ó ní Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Kò tíì jókòó tí Ùnkù fi bẹ̀rẹ̀.

"Àńtí Rìsì, ẹ̀yin náà ti di Pùròfẹ́sọ̀. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yìí. Ṣé Mọ́mì ò tó o ni?"

"Wọ́n tó o."

"O gbọ́ àbí?"

"Wọ́n tó o, Bọ̀dá Délé. Àwọn fúnra wọn ni wọn ò gbà á."

Ùnkù dìde. Wọ́n rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo rò pé wọ́n fẹ́ bínú lọ ni. Wọ́n padà, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé, àgbàlagbà tó ti ní ewú. "Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn," wọ́n ní. "Èmi ni mo wé páìpù yẹn. Wọ́n ní kí n lọ kàwé, mi ò lọ. Mo wá fi ìránù ọwọ́ mi ba tiwọn náà jẹ́. Ká ní mo jókòó jẹ́jẹ́ sí Dopemu mi, wọn ì bá ti jẹ ẹ́ kú. Ẹ jẹ́ n dá a padà fún wọn. Ara òkúta nìkan náà ni, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n ń sunkún. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dìde lọ dì wọ́n mú. Mo kàn ń wò wọ́n, mò ń rò ó lọ́kàn mi pé gbogbo ìgbà tí wọ́n ń rán ẹlòmíràn wá tún fíríìjì wa ṣe, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Àńtí Rìsì gbé páálí omi náà sílẹ̀. Ó fa àga kan sún mọ́ Ùnkù, ó jókòó.

"Bọ̀dá Délé, ẹ gbọ́. Lọ́jọ́ tí òrùka so láìsí irin, èmi ni mò ń sunkún. Màmá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo bínú sí, kì í ṣe ìwé tí wọ́n fà yọ. Mo rò pé orí wọn ti dàrú ni. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ?"

Ùnkù ń fi ìka fa ìlà sórí ilẹ̀.

"Wọ́n na ọwọ́ sí páìpù yín. Wọ́n ní, 'Rìsì, wò ó. Gbogbo wa nínú yàrá yìí, tàwa tìwé wa, à ń ṣe bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi nìkan ló ṣiṣẹ́.'"

Ùnkù gbé ojú sókè. "Wọn ò sọ ọ́ fún mi rí."

"Wọ́n ní bí àwọn bá ti dárúkọ páìpù, ẹ máa ń dìde ni. Wọ́n ní ẹ kì í dúró gbọ́ ọ."

Kẹ̀kẹ́ kan kọjá lójú títì. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí tábìlì, ọ̀gbẹ́ni onímábù ni. Ùnkù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú wọn, wọ́n nawọ́, mo gbé e fún wọn. Ohùn rẹ̀ ń jáde síta, gbogbo wa ń gbọ́ ọ.

"Ẹ kú ọjọ́ o. Ẹ má bínú, mo ti gé òkúta yìí tán, mò ń retí yín ni. Kí ni kí n kọ gan-an?"

"Dókítà," ni Ùnkù wí. "Dókítà ni kó o kọ."

"Ṣé ó dá yín lójú, sà? Torí pé ẹnì kan pè mí láti ìdílé yín ní ọjọ́ Àìkú, ó ní Pùròfẹ́sọ̀ ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wá bá mi jà. Ta ni kí n sọ pé ó pàṣẹ?"

Ùnkù wúkọ́ díẹ̀.

"Ọmọ wọn ni," wọ́n ní. "Èyí tó ń tún fíríìjì ṣe."